Àrá, Mànàmáná àti Ohun tí Ojú Kò Rí

Ní Bódìjà níbí, bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀ nínú oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ìhà Ìwó Road ni a máa ń wò, nítorí láti ìlà-oòrùn ni ìjì ńlá wa ti ń bọ̀. Ojú ọ̀run á ṣú, mànàmáná á kọ, àrá á sán. Kó tó di pé òjò balẹ̀, iná ìjọba ti lọ. (Ẹ jẹ́ kí á fi ti iná yẹn sílẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò. Mànàmáná ni ìmọ́lẹ̀ tí ó kọ. Àrá ni ìró tí ó sán, òun náà ni a sì ń pe agbára tí ó ń pa ènìyàn. Ẹdùn àrá ni òkúta tí àwọn baba wa gbà pé Ṣàngó ń jù láti òkè. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti fi hàn pé àáké àwọn ará àtijọ́ ni òkúta wọ̀nyí. Nígbà tí Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn wa ilẹ̀ ihò Ìwó Elérú lẹ́bàá Àkúrẹ́ ní 1965, irú àáké bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n rí.

Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà kò mọ sórí òkúta. Ẹni tí àrá bá pa, wọ́n á ní olè ni tàbí ọ̀dàlẹ̀. Àwọn Mọ́gbà á wá ṣe ètùtù, ará ilé rẹ̀ á sì san ìtanràn. Mo kéré nígbà tí àrá pa àgbẹ̀ kan lábẹ́ igi ní abúlé ìyá mi. Ọdún kò yípo kí opó rẹ̀ tó kó kúrò, nítorí ojú ọmọ olè ni wọ́n fi ń wo àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ọkùnrin náà dá ni pé ó sá fún òjò lọ sábẹ́ igi.

Ní òdìkejì títì Àgbowó, ní ẹ̀ka ìmọ̀ físíìsì Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀nà mìíràn ni àwọn ọ̀mọ̀wé gbà bi òjò léèrè ọ̀rọ̀. A. I. I. Ette wọn iná tí ó ń jò láti ẹnu ohun ṣónṣó nígbà tí àwọsánmà òjò bá wà lókè. Ní 1980, òun àti E. O. Oladiran tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí iná tí òjò ń gbé wálẹ̀ ní Nàìjíríà: ẹ̀kán òjò kan á gbé irú iná tí a ń fi àmì àròpọ̀ mọ̀, òmíràn á gbé ti àmì àyọkúrò. Igi oko, òpó irin, Cocoa House ní Dùgbẹ̀ tí gíga rẹ̀ tó mítà 105: ohun tí ó bá ga ni iná ọ̀run ń wá. Kì í bi í bóyá ó jalè.

Ìtàn náà jìn ju èyí lọ. Ní 1925, C. T. R. Wilson, ọmọ Skọ́tlándì, sọ pé agbára iná inú àwọsánmà lè lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré débi pé afẹ́fẹ́ kò ní lè dá a dúró mọ́. Basil Schonland wá ipa wọn kiri ní Gúúsù Áfíríkà ní nǹkan bí 1930 sí 1933. Ọ̀rọ̀ náà kò yanjú títí àwọn ará Amẹ́ríkà fi rán sátẹ́láìtì Compton lọ sókè ní 1991. Ìràwọ̀ ọ̀nà jíjìn ni wọ́n rán an láti máa ṣọ́, ṣùgbọ́n ó rí ìtànṣán gáńmà tí ń bù yẹ̀rì láti ilẹ̀ ayé wa gan-an, láti orí ìjì àrá. Ìtànṣán yìí lágbára ju ti X-ray ilé ìwòsàn lọ fíìfíì, kì í sì í sábà pẹ́ tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ní 1994 ni wọ́n kéde rẹ̀.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ, Áfíríkà wa níbí ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá 2009, sátẹ́láìtì Fermi wà lókè Íjíbítì. Ìjì tí ń jà nígbà náà wà ní Zambia, nǹkan bí kìlómítà 4,500 sí i, níbi tí ojú sátẹ́láìtì náà kò lè dé. Síbẹ̀ nǹkan bà á. Positron ni, ìbejì òdì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù: ìwọ̀n wọn dọ́gba, iná wọn ni ó tako ara, bí wọ́n bá pàdé, àwọn méjèèjì á pòórá, ìtànṣán nìkan ni yóò kù. Ìjì Zambia ni ó bí wọn, agbára òòfà ilẹ̀ ayé ni ó sì darí wọn dé ọ̀dọ̀ Fermi. Àwọn baba wa ní àrá ń ju nǹkan wálẹ̀. Èyí tí à ń wí yìí, òkè ni ó jù ú sí.

Mo ti ń wá orúkọ fún un ní Yorùbá. “Ìtànṣán àrá” ni mo ń lò ní kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dábàá pé kí á kúkú pè é ní ẹdùn àrá, kí ọ̀rọ̀ àtijọ́ lè tún rí iṣẹ́ ṣe. Àbá náà dùn létí, ṣùgbọ́n n kò gbà á. Opó abúlé ìyá mi ni mo rántí.