Òṣómàáló: Ìlóṣòó, Ìlera àti Ọjọ́ Ogbó

Àwọn àgbà ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ǹjẹ́ ẹ ti tú ọ̀rọ̀ náà, ìlera, palẹ̀ rí? Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-, ọ̀rọ̀-ìṣe le àti ọ̀rọ̀-orúkọ ara ni ó para pọ̀ di í. Lójú Yorùbá, kì í ṣe àìsí àrùn nìkan ni ìlera; kí ara le wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn hàn lónìí ni pé iṣẹ́ òòjọ́ ni ó ń fún àwọn baba wa ní agbára ẹsẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé àwa tí a ti kúrò nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti mọ̀ọ́mọ̀ wá a.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Lẹ́yìn ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí ó sì parí pátápátá ní 1893, ọ̀nà là fún òwò. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò aṣọ láti Iléṣà àti agbègbè rẹ̀ ti ń ru ẹrù láti ìlú dé ìlú. Wọ́n ń ta àwìn, wọ́n sì ń padà wá gba owó díẹ̀díẹ̀. Bí ajigbèsè bá ń fi òní dọ́la, Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: “Òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi!” Báyìí ni gbólóhùn di orúkọ: òṣómàáló. Ẹ kíyè sí i pé òṣó ni wọ́n gbé síwájú gbólóhùn láti fi pe àkíyèsí sí i.

Ẹni tí ó bá ń lóṣòó, tí ó sì ń dìde, iṣan itan àti ìdí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àgbẹ̀ ń lóṣòó, alágbàfọ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ ń dọ̀bálẹ̀. N kò sọ pé gbogbo àwọn baba wa ni ó gbó. Ogun àti àrùn pa ọ̀pọ̀ ní rèwerèwe. Ṣùgbọ́n wọn kò wá agbára ẹsẹ̀ lọ sí ibì kankan.

Ní ọdún 1945 ni fisiọ́tẹ́rápì bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì, Èkó, fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ oyè lórí rẹ̀. Ifẹ̀ náà ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀dọ́ ológun ti wá di ti arúgbó pẹ̀lú. Ní 1990, àwọn olùwádìí ní Boston, ní Amẹ́ríkà, fi ìdárayá ìgbẹ́rù kọ́ àwọn arúgbó ẹni ọdún 86 sí 96 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré. Agbára itan àwọn tí ó parí ẹ̀kọ́ náà ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo Òkè-Fìà ní Òṣogbo. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, Òṣogbo di olú-ìlú, iṣẹ́ ọ́fíìsì sì pọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń jókòó láti àárọ̀, ọ̀kadà ń gbé e relé, ó sì ń fẹ̀yìn tì ní ọgọ́ta ọdún pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá (2010 sí 2018), ètò Walk to Live kó ará ìlú jáde láti rìn. Ó dára, ṣùgbọ́n ìrìn nìkan kò tó. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2020 ni pé kí ẹni ọdún 65 sókè máa ṣe ìdárayá tí ń fún iṣan lágbára, ó kéré tán lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ó sì fi ti ìdúróṣinṣin kún un lọ́jọ́ mẹ́ta, kí ó má baà ṣubú.

Àga ilé tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti ara yín, ẹ tún rọra jókòó. Ẹ ṣe é bí ẹ bá ti lè ṣe é tó. Ẹni tí orúnkún ń dùn, tàbí tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí, kí ó kọ́kọ́ rí onímọ̀ fisiọ́tẹ́rápì.

Arúgbó tí kò lè dá dìde lórí àga ti di ẹni tí a ń gbé. A ṣì ń pe Ìjẹ̀ṣà ní òṣómàáló. Ẹ má jẹ́ kí òṣó náà kù sẹ́nu wa nìkan. Ire o.