Ògiri Tín-ín-rín Inú Bátìrì

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Òwe yìí bá ìtàn bátìrì lithium mu, èyí tó wà nínú fóònù àti ẹ̀rọ iná sólà tí ọ̀pọ̀ ará Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó fi ń borí òkùnkùn lónìí. Láàárín apá méjì bátìrì náà ni ògiri kan wà, ọ̀rá oníhò wẹ́wẹ́ tí kì í sábà nípọn ju ìdá kan nínú ogójì mìlímítà lọ. Bí ó bá ya, apá méjèèjì yóò fara kanra, ooru yóò gorí ooru, iná yóò sì sọ.

Ní ọdún 1989, bátìrì ilé-iṣẹ́ Moli Energy ti Kánádà gbiná nínú fóònù ní Japan, wọ́n sì ní láti kó ọjà náà padà. Lithium pọ́ńbélé ló wà nínú rẹ̀. Bí a ti ń ṣáàjì rẹ̀ léraléra, ó máa ń hu ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó lè gún ògiri náà. Akira Yoshino, ọmọ Japan, ti rí ọ̀nà àbáyọ ní 1985: ó fi èròjà èédú rọ́pò lithium pọ́ńbélé. Sony gbé irú rẹ̀ dé ọjà ní 1991.

Síbẹ̀, ìṣòro ooru kò tán. Polyethylene, ọ̀rá tí wọ́n fi ń ṣe ògiri náà, máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 130 Celsius. Àǹfààní kan wà níbẹ̀: ihò rẹ̀ á dí, bátìrì á sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ń pọ̀ sí i, ọ̀rá náà á súnkì, ògiri á wó. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń fi lẹ́búlẹ́bú alumina kùn ún, nítorí pé alumina ń fara da iná bí ìkòkò amọ̀.

Ní 2016, Samsung kó fóònù Galaxy Note 7 kúrò lọ́jà nítorí iná. Àlàyé tí wọ́n ṣe ní oṣù kìíní ọdún 2017 ni pé àbùkù inú bátìrì ló fà á: igun àwọn kan tẹ̀ wọnú, ṣóńṣó irin sì gún ògiri inú àwọn mìíràn.

Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ ńlá, kí ni ká sọ nípa bátìrì àlòkù tí a tún tò pọ̀, tí a wá gbé sábẹ́ òrùlé páànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? FUTA ti wà ní Àkúrẹ́ láti 1981, ó sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ irin àti èròjà iṣẹ́-ọwọ́. Ó yẹ kí ìjọba fi irú ibẹ̀ ṣe ibùdó àyẹ̀wò, kí bátìrì tó dé ilé wa. Ní tiwa, bátìrì tó bá ti wú, ẹ má ṣe gún un, ẹ má sì ṣáàjì rẹ̀ mọ́. Ògiri inú rẹ̀ lè ti lanu.