Ta Ló Lè Ti Ẹ̀ka Pa?

Ní ọ̀sẹ̀ tá a wọ fásitì, fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ kó lé wa lọ́wọ́. A ti tò sórí ìlà láti aago mẹ́jọ àárọ̀, oòrùn ń pa wá, ebi ń pa wá, a ò sì ka nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé a kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, pé a ò ní ṣe é títí a ó fi jáde, pé tí wọ́n bá sì gbá wa mú, kí wọ́n lé wa. Àwa mẹ́rin tá a jọ ń gbé yàrá kan náà, tá a jọ ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, a buwọ́ lù ú láàárín ìṣẹ́jú kan.

Oṣù kan kò tíì pé tí bọ̀ọ̀dá kan tó wà ní ọdún ìkẹyìn fi pè wá jẹun. Ìrẹsì àti ẹran ni, ẹran gidi o, kì í ṣe pọ̀nmọ́. Kò halẹ̀ mọ́ wa rárá. Ó kàn bi wá pé, "Ta ló wà lẹ́yìn yín nínú ilé-ìwé yìí?" Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ẹgbẹ́ wọn ṣe létò: olórí wà, igbákejì wà, akọ̀wé wà, akápò wà, ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjà náà wà. Ká má parọ́, ètò yẹn ló fa ojú wa mọ́ra. Nínú ilé-ìwé tí a ò ti mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ lábù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ tó létò báyìí dùn ún gbọ́ létí.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí. Iṣẹ́ kóòdù la fi ń jẹun. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kan gbéṣẹ́ fún wa pé ká ṣe ojú-òpó tí wọn ó fi máa tọ́jú orúkọ àti owó ọmọ ẹgbẹ́. Kí èèyàn tó kọ ìlà kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní láti mọ ẹni tó láṣẹ láti ṣe kí ni. Ta ló lè gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun? Ta ló lè yọ èèyàn? Ta ló lè wo àkọsílẹ̀ owó? Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n rí dáhùn. Nígbà tá a wá bi wọ́n pé ta ló lè yọ alága, gbogbo ilé dákẹ́. Alága fúnra ẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ la ti rántí bọ̀ọ̀dá onírẹsì, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn kà.

Nílẹ̀ tiwa, Ìbàdàn ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1948 ni wọ́n dá University College sílẹ̀ níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí Yunifásítì London ni wọ́n sì ń gbà. Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò pọ̀, ẹni tó bá sì ráàyè wọbẹ̀ ti ń wo ara ẹ̀ bí ọ̀gá ọ̀la. Ọmọ olówó ń ṣe bí òyìnbó, ọmọ tálákà ń sáré tẹ̀ lé e kí wọ́n má bàa mọ ilé tó ti wá. Tó bá sì di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti fàájì, ẹ̀yà ẹ̀ ni kálukú ń bá lọ.

Ní 1952, ọmọkùnrin méje dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó fi gbogbo ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n pe ara wọn ní Pyrates Confraternity. Y ni wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe i. Wọlé Ṣóyínká wà nínú wọn, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Àwọn mẹ́fà yòókù ni Ralph Opara, Pius Oleghe, Ikpehare Aig-Imoukhuede, Nathaniel Oyelola, Olúmúyìwá Awẹ àti Sylvanus Egbuche. Ẹ tún orúkọ wọn kà. Ọmọ ẹ̀yà kan kọ́ ni wọ́n, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ní àwọn dúró lé: kí àwọn tako àṣà tó ti kú tí wọn ò tíì sin, kí àwọn tako ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kí àwọn gbé ìwà ọmọnìyàn lárugẹ, kí ọ̀rẹ́ má sì já ọ̀rẹ́ kulẹ̀. Àmì wọn ni agbárí àti eegun méjì tó dábùú ara wọn. Ní ọgbà tí wọ́n ti ń wọ kóòtù pẹ̀lú táì nínú ooru Ìbàdàn, àwọn yìí gbé aṣọ ajalèlókun wọ̀.

Ìtàn kan wà tó jẹ́ ká mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Wọ́n fẹ́ gbé ojú irin gba ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì náà kọjá, làwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan bá figbe ta: tí ọkọ̀ bá ti rọrùn báyẹn, ẹni gbogbo ló máa máa wọlé wá, iyì ibẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Àwọn Pyrates fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀sín títí ẹnu fi wọ àwọn tó ń pariwo.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ ajalèlókun yìí, torí ó dùn mọ́ wa ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ajalèlókun gidi, àwọn tó da òkun Caribbean láàmú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìwé àdéhùn ni wọ́n máa ń kọ kí wọ́n tó gbéra. Nínú ìwé àdéhùn ọkọ̀ Bartholomew Roberts, gbogbo ọkùnrin inú ọkọ̀ ló ní ìbò kan lórí ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì. Ìdìbò ni wọ́n fi ń yan kápítẹ́ẹ̀nì, ìdìbò náà ni wọ́n sì lè fi yọ ọ́. Àṣẹ kápítẹ́ẹ̀nì kì í kọjá àtakò nígbà ìjà tàbí nígbà tí wọ́n bá ń lé ọkọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí kò bá sí ìjà, ẹlòmíì wà tí wọ́n ń pè ní quartermaster, òun ló ń pín oúnjẹ àti ìkógun, òun náà ló lè dá kápítẹ́ẹ̀nì dúró. Olè paraku ni wọ́n, apààyàn ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ rí nínú ọkọ̀ oníṣòwò tí ọ̀gá ti lè fi pàṣán na èèyàn dójú ikú, wọ́n sì ti mọ ohun tí àṣẹ tí kò ní ìjánu ń fà.

Àwọn ọmọ Ìbàdàn náà mú èdè ọkọ̀ ojú omi. Olórí wọn ni Capoon, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ni deck. Kò rọrùn láti wọlé. Ẹni tí wọ́n ń dá padà pọ̀ ju ẹni tí wọ́n ń gbà lọ. Bí èèyàn méje bá ń ṣèpàdé nínú yàrá kan, ìwé òfin kọ́ ló ń darí wọn, ojú ara wọn ni. Ẹni tó bá ṣe ohun tí kò dáa lónìí, á rí àwọn mẹ́fà yòókù lọ́la nílé oúnjẹ. Àmọ́ ní 1954 Ṣóyínká ti kọrí sí Leeds, àwọn yòókù náà ń jáde, àwọn tuntun ń wọlé. Nsukka ṣí ní 1960. Ifẹ̀, Èkó àti Zaria tẹ̀ lé e ní 1962. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ojú lásán ń ṣàkóso wá di ẹgbẹ́ tí Ìbàdàn ò lè fojú rí ohun tí ẹ̀ka Zaria ń ṣe lálẹ́.

Láàárín àwọn ọdún 1960, ẹgbẹ́ míì yọ ní Ìbàdàn kan náà, ìyẹn Eiye, tó gba orúkọ ẹyẹ lọ́dọ̀ Yorùbá. Ní 1972, àwọn kan tí Pyrates yọ kúrò kò lọ sílé lọ sùn. Wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Buccaneers. Ajalèlókun náà lóyè orúkọ yẹn, àbí ẹ ò rí nǹkan? Ètò àwọn tó lé wọn ni wọ́n gbé lọ: oyè, àmì, ayẹyẹ, gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ń kọ kóòdù mọ nǹkan yìí dáadáa, òun la ń pè ní fork. Kò sẹ́ni tó lè ní kó o má ṣe é. Wàá da gbogbo fáìlì kọ, wàá yí orúkọ padà, ó di tìẹ. Ohun tí kì í bá fáìlì lọ ni ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́. Ní 1977, Neo-Black Movement of Africa bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Benin. Láàárín àwọn ọdún 1980, Supreme Vikings bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Port Harcourt. Lẹ́yìn ìyẹn, kíkà ẹ̀ sú wa.

Ṣé kò sí ọ̀nà tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fi lè tàn kálẹ̀ kó má fọ́ báyìí ni? A lọ wo Amẹ́ríkà, níbi tí irú ẹgbẹ́ yìí ti pẹ́ jù. Phi Beta Kappa ni àgbà wọn, December 5, 1776 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì William and Mary ní Virginia. Ẹgbẹ́ àṣírí ni, ìbúra wà, bí wọ́n ṣe ń bọwọ́ níkọ̀kọ̀ wà. Ní 1779 wọ́n ṣe nǹkan kan tó dà bíi pé kò tó nǹkan: wọ́n kọ ìwé àṣẹ fún Harvard àti Yale kí àwọn náà ní ẹ̀ka. Kò pẹ́ rárá, ogun òmìnira dé Virginia, nígbà tó sì fi máa di 1781 ẹgbẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ti dákẹ́. Ìyá kú, ọmọ méjì yè. Ní 1831, ẹ̀ka Harvard ju àṣírí náà nù, nígbà tí ará ìlú ń bínú sí ẹgbẹ́ awo. Títí dòní, ẹgbẹ́ ọlọ́pọlọ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Ìwé àṣẹ yẹn ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó fún yín níwèé lè gbà á padà. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú méje dá Alpha Phi Alpha sílẹ̀ ní Cornell ní December 4, 1906, ọdún méjì péré ni wọ́n fi to ilé ọ̀hún. Ẹ̀ka Cornell ń jẹ́ Alpha, ẹ̀ka Howard ń jẹ́ Beta, èyí tó wà ní Virginia Union ń jẹ́ Gamma. Ní 1908 wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní New York, wọ́n sì ṣe ìpàdé àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní Howard. Ìpàdé àpapọ̀ yẹn ló ń ṣòfin, kì í ṣe ààrẹ. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń rán aṣojú wá, tọmọ ilé-ìwé, tẹni tó ti jáde; àwọn àgbà tó ń san owó ilé, tí wọ́n níṣẹ́ tí wọn ò fẹ́ pàdánù, náà máa ń dìbò. Tí ẹ̀ka kan bá bàjẹ́, ẹnì kan wà lókè tó lè tì í pa, ẹnì kan tó lórúkọ, tó ní àdírẹ́sì, tí èèyàn lè pè lẹ́jọ́.

Ká má fi ṣe àwòkọ́ṣe jù ṣá. Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹni tuntun pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn náà. Ní 1990, àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú náà pa ẹnu pọ̀, wọ́n fòpin sí àṣà tí ẹni tuntun fi ń wà lábẹ́ àṣẹ àwọn ẹ̀gbọ́n fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí wọ́n tó gbà á. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, ní 1994, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣì kú ní Missouri lẹ́yìn tí wọ́n lù ú. Ìwé àṣẹ kì í dá ìkúùkù dúró lófuurufú. Ohun tó ń ṣe ni pé ẹjọ́ máa ń rí ibi bà lé.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní 1984, Pyrates, tí wọ́n ti ń jẹ́ National Association of Seadogs, pinnu pé àwọn kò ní ní ẹ̀ka nínú ọgbà ilé-ìwé kankan mọ́. Àwa rò pé èyí ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń sọ nípa wọn lọ: ó túmọ̀ sí pé aláṣẹ wà lókè tó lè sọ pé ó tó. Àmọ́ àṣẹ rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀dà. Àwọn tí kò ní ẹni tó lè ti ẹ̀ka wọn pa ló ṣẹ́ kù sínú ọgbà. Ní òru July 10, 1999, àwọn apààyàn tí wọ́n pè ní ọmọ Black Axe ya wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n sì pa ọmọ márùn-ún. Akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn bojú dá ẹgbẹ́ òkùnkùn sílẹ̀. Abala 38 ló wà. Abala 318 ló wá túmọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ìtumọ̀ náà ni ẹgbẹ́ tí ayé ò mọ orúkọ àwọn ará inú ẹ̀ wà, tó ń ṣèpàdé níkọ̀kọ̀, tí ọmọ ẹgbẹ́ ń ran ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láìwo ẹ̀tọ́ àti òdodo. Lójú tiwa, ibi tó yẹ kó wò ló wò. Kò sẹ́ni tí agbárí orí fìlà ṣe ní nǹkan kan.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tó gbéṣẹ́ fún wa jiyàn fún ọjọ́ mẹ́rin lórí WhatsApp. Níkẹyìn wọ́n ní ká kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpàdé àpapọ̀ ló lè yọ alága, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá fọwọ́ sí i. Alága ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Ní ti bọ̀ọ̀dá onírẹsì, ọ̀kan nínú wa tó lẹ́nu jù ló bá a jẹ́. Bọ̀ọ̀dá ti ṣàlàyé oyè tán, ó ti ṣàlàyé owó ìwọlé, ó ń retí pé ká sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ wa gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú o. Tí n bá wá fẹ́ kúrò ńkọ́, ta ni màá kọ̀wé sí?"

Bọ̀ọ̀dá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fọ ọwọ́, ó sanwó fún ìyá olóúnjẹ, ó ní ká máa jẹun wa lọ. Kò pè wá mọ́.