Ohun Tí Ó Ń Dì: Láti Ìkòkò Ẹ̀kọ dé Yàrá Ìwádìí

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà yóò la Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù kọjá, kò sì sí èyí tí kò ti ní rí ẹlẹ́kọ nínú wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyí ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan tí ó dé yàrá ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, nítorí n kò fara mọ́ èrò àwọn kan láàárín wa pé ìjìnlẹ̀ ìmọ̀ kò ní ohunkóhun í bá ilé ìdáná ṣe.

Ẹ wo bí ẹlẹ́kọ ti ń ṣe é. Yóò rẹ àgbàdo, yóò lọ̀ ọ́, yóò sẹ́ ẹ; yóò da ògì sínú omi gbígbóná, yóò sì máa rò ó títí yóò fi ki. Bí ó ti gbóná, ó ń ṣàn. Bí ó bá pọ́n ọn sínú ewé tí ó sì tutù, ó dì. Ooru ni ó ń mú un ṣàn, òtútù ni ó ń mú un dì.

Ọgbọ́n irú èyí ni ó tún iṣẹ́ àwọn oníṣègùn ṣe ní Jámánì. Ní ọdún 1881, orí jẹ́látìn, ohun dídì tí a ń rí nínú awọ àti eegun ẹran, ni wọ́n ń sin kòkòrò àrùn sí. Ṣùgbọ́n kí ooru tó tó ti ara ènìyàn ni jẹ́látìn ti ń yọ́, àwọn kòkòrò mìíràn a sì máa jẹ ẹ́. Fanny Hesse, ìyàwó Walther Hesse tí ó ń bá Robert Koch ṣiṣẹ́, ni ó dábàá agar, tí a ń rí lára koríko inú òkun. Ó ti ń fi í se oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ojúlùmọ̀ tí wọ́n ti gbé ní Java ni ó ti mọ̀ ọ́n. Agar tí ó bá ti dì kì í yọ́ nínú ooru ara ènìyàn rárá. Ní 1882, Koch kéde kòkòrò tí ó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ó mẹ́nu ba agar nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ Fanny.

Láti orí kòkòrò ni ọ̀rọ̀ ti kan sẹ́ẹ̀lì ara. Ní 1907, Ross Harrison ní Amẹ́ríkà mú kí iṣan ọ̀pọ̀lọ́ hù nínú omi ara ọ̀pọ̀lọ́ tí ó dì. Lẹ́yìn náà, orí àwo pẹlẹbẹ ni ọ̀pọ̀ ń sin sẹ́ẹ̀lì sí. Ṣùgbọ́n nínú ara wa, sẹ́ẹ̀lì ní aládùúgbò lókè, nísàlẹ̀ àti ní gbogbo ìhà. Èyí ni ó mú kí a wá ohun dídì tí ìwà rẹ̀ jẹ́ òdì kejì ti ẹ̀kọ. Ní 1968, Heskins àti Guillet ní Kánádà ṣàlàyé èròjà kan tí a ń pè ní PNIPAM: ó ń yọ́ sínú omi tútù, ṣùgbọ́n bí ooru bá kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 32, ó ń kọ omi sílẹ̀, ó ń sún jọ. Pẹ̀lú irú èròjà bẹ́ẹ̀, a lè po sẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn ní tútù, kí ó dì yí wọn ká nínú ooru. Bí a bá sì tún mú un tutù, ó ń yọ́, sẹ́ẹ̀lì ń jáde láìfarapa. Matrigel, tí a ń rí lára kókó àìsàn eku, náà ń dì nínú ooru. Inú rẹ̀ ni Sato àti Clevers ní Netherlands ti rí i ní 2009 pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo láti inú ìfun eku lè kọ́ ìfun kékeré.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ ẹ̀kọ á dárí ji ewé. N kò gbọ́ kí wọ́n ní kí a gbàgbé ẹni tí ó pọ́n ọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jókòó ti àwọn ìyá wa ní ìdí ìkòkò, kí ẹ bèèrè, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sí i. Ìwé tí Koch kọ láìdárúkọ kò yẹ kí ó jẹ́ àwòkọ́ṣe fún wa.