“Mo Gbà Á”: Èdè Tó Yẹ Ẹjọ́ Olè

Ẹni tó bá lọ fi ẹjọ́ olè sùn ní téṣàn ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okokomaiko, èdè mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábà máa ń là kọjá kó tó di àkọsílẹ̀. Yorùbá ni yóò fi kí ọlọ́pàá tó wà ní kántà, pijin ni wọn yóò fi bi í léèrè, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ ọ́ sínú ìwé. Ká ní ìyá àgbà kan ló ti ṣọ́ọ̀ṣì dé sí abúlé kan lẹ́yìn Ìbà, tó bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ní fífọ́, tí kò rí ṣéènì góòlù rẹ̀, iyùn rẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ kékeré mọ́.

“Mọ́mì, kí lẹ ní ó sọnù?”

“Kò sọnù o, ọ̀gá. Wọ́n jí i ni.”

Bí ọlọ́pàá bá kọ “sọnù”, ìwé tí èèyàn ń mú lọ sí báńkì tàbí iléeṣẹ́ fóònù láti gba òmíràn lọ̀rọ̀ náà máa já sí. Bó bá kọ “jí”, ó di dandan kí ẹnì kan dìde lọ tọ pinpin rẹ̀. Ìyá yìí mọ ìyàtọ̀ náà láìka ìwé òfin kankan.

Mo fi tirẹ̀ ṣáájú nítorí àwọn tó ń sọ pé Yorùbá kò ní èdè tí a lè fi ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Irọ́ ni. Kólékólé yàtọ̀ sí gbéwiri, gbéwiri yàtọ̀ sí jágùdà. Àfọwọ́rá kì í ṣe ìdigunjalè, gbájúẹ̀ ní tirẹ̀ kò nílò ju ẹnu dídùn lọ. Ẹni tó bá yọ́ sọ ohun tó mọ̀ fún ọlọ́pàá, ó ta wọ́n lólobó. Ẹni tó bá wá gba ẹlòmíràn sílẹ̀ ní téṣàn, onídùúró ni. Bí ọlọ́pàá bá sì ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀, a ní ó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Èyí wù mí ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí ó là á mọ́lẹ̀ pé ẹnu ni wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lọ fi kóńdó wá a lẹ́yìn èèyàn.

Àwọn òǹkọ̀wé wa ti fi hàn tipẹ́ pé ẹrù yìí kò wúwo jù. Ní 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, ó sì tún gbé Àgbàlagbà Akàn jáde ní 1971, tí Làpàdé, ọlọ́pàá àná, ń lé àwọn ọ̀daràn kiri láti ojú ewé dé ojú ewé. Kọ́lá Akínladé náà kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? àti Owó Ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ kan tilẹ̀ ń jẹ́ Túndé Atọpinpin, orúkọ tó ti sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Kò sí èyí tó dúró ní agbede méjì nínú wọn láti sọ pé èdè ti tán lọ́wọ́ òun. Bí ẹnì kan bá ń wá ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí, kó kọ́kọ́ lọ ka àwọn ìwé wọ̀nyí kó tó jókòó ti tábìlì láti ṣẹ̀dá tuntun.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti ní, tí gbogbo wa ń sọ, tí wọ́n sì lójú méjì. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ojú méjì kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ní téṣàn, ojú kejì lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n.

Ẹ wo “gbà”. Ká ní wọ́n rí jẹnẹrétọ̀ ìyá yẹn ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ra àlòkù, tó ń tún un ṣe, tó sì ń tà á. Wọ́n mú un dé téṣàn, wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó ní: “Mo gbà á, sà.” Kí ló sọ? Ó lè jẹ́ pé ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó lè jẹ́ pé ó gbà pé òótọ́ ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òun. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá máa ń fi ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e mọ èyí tí ó ń sọ. Ẹni tó ń yí i sí Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé kò lè kọ méjèèjì, ó ní láti mú ọ̀kan. Bó bá mú èyí tó jẹ́ ìjẹ́wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ da ara rẹ̀ lẹ́bi láìmọ̀.

Ẹ̀sùn gbígba ẹrù olè kì í sì í ṣe kékeré. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ó jọ pé àwọn òyìnbó tó kọ òfin ìwà ọ̀daràn ti 1916 fún wa gbà pẹ̀lú wọn: nínú òfin yẹn, olè jíjà lásán kò ju ẹ̀wọ̀n ọdún 3 lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ẹrù olè tó sì mọ̀ pé ẹrù olè ni lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ láti 2011, àmọ́ gbígba ẹrù olè ṣì jẹ́ ẹ̀sùn nínú rẹ̀. Mímọ̀ tàbí àìmọ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà rọ̀ mọ́, “mo gbà á” kò sì sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú gírámà wa. “Gbà lọ́wọ́” jẹ́ ti ẹrù. “Gbà pé” jẹ́ ti ọ̀rọ̀. “Jẹ́wọ́” jẹ́ ti ẹ̀ṣẹ̀. Kí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ má jẹ́ kí “gbà” dá dúró láé. Kó bèèrè lójú ẹsẹ̀: o gbà á lọ́wọ́ ta ni, àbí o gbà pé kí ni? Òfin Èkó lórí ìgbẹ́jọ́ ìwà ọ̀daràn tó jáde ní 2007 ní kí wọ́n ká ìjẹ́wọ́ afurasí sórí fídíò, tàbí kí agbẹjọ́rò rẹ̀ wà níbẹ̀ bí wọ́n bá ń kọ ọ́. Fídíò dára, ó kéré tán ó máa jẹ́ kí adájọ́ gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè kejì yẹn kò bá wáyé, ohun tó lójú méjì ni fídíò náà yóò ká.

“Gbé” náà rí bẹ́ẹ̀. “Ta ló gbé fóònù mi?” lè jẹ́ ìbéèrè ẹni tó ń wá nǹkan rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀sùn. Òfin kò pe gbígbé nǹkan ní olè jíjà títí yóò fi hàn pé ẹni tó gbé e ní èrò búburú lọ́kàn nígbà tó ń gbé e. Nítorí náà, “jí” nìkan ni kó dúró fún olè jíjà nínú ìwé, ká sì fi “gbé” sílẹ̀ fún ohun tí ojú rí.

“Jí” fúnra rẹ̀ ti bí ọmọ tuntun lójú wa. Ní oṣù keje ọdún 2016, àwọn agbébọn wọ ààfin Ìbà, wọ́n sì jí Oníbà, Ọba Gòríọlá Òṣèní, gbé lọ. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, gbọ́mọgbọ́mọ ni a mọ̀, ọmọ kékeré ló sì ń gbé. Nígbà tó di pé ọba àti àwọn olówó ni wọ́n ń gbé nítorí owó ìtúsílẹ̀, orúkọ yẹn kò bá a mu mọ́, “ajínigbé” gba ipò náà. Kò sí ìgbìmọ̀ tó pàdé lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń bí mi nínú ni “afurasí ọ̀daràn” tí ìwé ìròyìn àti rédíò ń lò. Ẹni tí a fura sí ni afurasí, ó tán. Kí ni ọ̀daràn ń wá lẹ́yìn rẹ̀? Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 36, sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ilé-ẹjọ́ yóò fi sọ òmíràn. Àtẹ̀gùn náà kò ṣòro: afurasí ni lọ́wọ́ ọlọ́pàá, olùjẹ́jọ́ ni ní kóòtù, ọ̀daràn ni lẹ́yìn tí adájọ́ bá dá a lẹ́bi. Láti 2021 ni òfin Èkó ti ní kí ọlọ́pàá má ṣe to afurasí síwájú àwọn oníròyìn mọ́. Ó yẹ kí èdè àwọn oníròyìn náà tẹ̀ lé òfin yẹn.

Òru tún jẹ́ wàhálà mìíràn. Nínú òfin 1916 yẹn, fífọ́ ilé onílé lọ́nà olè gba ẹ̀wọ̀n ọdún 14, bó bá sì jẹ́ lóru, ó di ẹ̀wọ̀n gbére. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ sí agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni òfin náà pè ní òru. Yorùbá wo ni yóò pe agogo méje alẹ́ ní òru, nígbà tí àwọn ẹlẹ́kọ àti oníbúrẹ́dì ṣì pọ̀ lẹ́bàá òpópónà Badagry? Àṣálẹ́ wà, alẹ́ wà, òru ọ̀gànjọ́ wà, àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìdájí wà. Bí a bá túmọ̀ ẹ̀sùn yẹn sí “fífọ́lé lóru”, ẹni tó fọ́lé lágogo méje yóò búra pé òun kò ṣe é, òtítọ́ ni yóò sì sọ. Mi ò ní ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀. Kí wọ́n dárúkọ agogo.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ ká fi àkókò ṣòfò lé lórí. Bélì ni bélì, Dípíò ni Dípíò, kóòtù ti di ti wa. Ẹsìbíìtì náà kò ṣẹ̀ wá. Àmọ́ “ìtẹ̀ka” tí àwọn kan ń lò fún àmì tí ọwọ́ olè fi sílẹ̀ lára gíláàsì fèrèsé kò tọ̀nà. Ìtẹ̀ka ni ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ sórí ìwé, olè kò sì tẹ̀ka fún onílé. A ní ipasẹ̀, ìyẹn ipa ẹsẹ̀. “Ipa ìka” ni kí àmì yẹn máa jẹ́. Mo tún gbọ́ tí ẹnì kan dábàá “àtọwọ́dọ́wọ́” fún àkọsílẹ̀ gbogbo ọwọ́ tí ẹrù olè gbà kọjá láti ìgbà tí ọlọ́pàá ti rí i. Orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò máa retí egúngún.

Iṣẹ́ yìí kò kọjá agbára wa. Àwọn onímọ̀ bíi Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ti ṣe ti ilé-ìwé, nínú Èdè-Ìperí Yorùbá. Ní 1991, àwọn aṣòfin rí àkójọ ọ̀rọ̀ tiwọn gbà ní Gẹ̀ẹ́sì, Hausa, Ígbò àti Yorùbá. Téṣàn ló kù. Ẹni tó bá máa ṣe é, kó rántí pé ilẹ̀ Awórì ni Ọ̀jọ́, àti pé Ègùn wà lọ́nà Badagry. Kó má jókòó sí Ìbàdàn fi Yorùbá inú ìwé nìkan ṣe é.

Ní 2001, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé bí ọlọ́pàá bá lo ògbufọ̀ láti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ògbufọ̀ náà gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí ní kóòtù. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àgbọ́sọ ni ìwé náà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa sì sọ, ní abala 35, pé kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú èèyàn fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá gbé yín dé téṣàn, yálà ẹ̀yin lẹ fẹjọ́ sùn tàbí ẹ̀yin ni wọ́n fura sí, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yín ní Yorùbá bó ṣe jáde lẹ́nu yín kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kà á sí yín létí. Ẹ má fọwọ́ sí i, ẹ má sì tẹ̀ka sí i, kó tó rí bẹ́ẹ̀.