Báláámù

Báláámù ọmọ Béórì jẹ́ aríran kan tí kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, tí ìtàn rẹ̀ wà nínú Ìwé Nọ́ḿbà, orí 22 sí 24, nínú Bíbélì. Nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Krístẹ́nì, a sábà máa ń tọ́ka sí i nígbà tí ìbéèrè bá dìde bóyá Ọlọ́run lè fi òtítọ́ hàn láti ẹnu aláìgbàgbọ́.

Ìtàn rẹ̀

Ẹ̀rù ba Bálákì, ọba Móábù, nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí ó ti Éjíbítì jáde pàgọ́ sí ẹ̀bá ilẹ̀ rẹ̀. Ó fi owó àfọ̀ṣẹ ránṣẹ́ sí Báláámù ní Pétórì kí ó lè wá gégùn-ún fún wọn. Ọlọ́run kọ́kọ́ kọ̀ fún un láti lọ; lẹ́yìn náà ó gbà, ṣùgbọ́n kìkì ọ̀rọ̀ tí Òun bá sọ fún un ni kí ó sọ. Lójú ọ̀nà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ó gùn rí áńgẹ́lì tí ó mú idà dání, èyí tí aríran fúnra rẹ̀ kò rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó lu ẹranko náà kí ó tó fọhùn.

Ibi mẹ́ta ni Bálákì mú un lọ, wọ́n sì mọ pẹpẹ méje sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìre ni Báláámù ń sú fún Ísírẹ́lì níbi gbogbo. Nígbà tí ọba bínú tí ó lé e padà sílé lọ́wọ́ òfo, ó tún sọ ti ìràwọ̀ kan tí yóò ti inú Jákọ́bù jáde (24:17). Láti ọ̀rúndún kejì ni àwọn òǹkọ̀wé Krístẹ́nì ti ń ka ẹsẹ yìí sí àsọtẹ́lẹ̀ nípa Jésù.

Síbẹ̀, orí 31 sọ pé idà Ísírẹ́lì ni ó pa á, nítorí ìmọ̀ràn rẹ̀ ni ó mú wọn dẹ́ṣẹ̀ ní Péórì. Pétérù Kejì, Júúdà àti Ìfihàn náà dá a lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó sọ ọ́

Bí ọ̀rọ̀ òtítọ́ bá jẹ́ ẹ̀rí ìwà mímọ́, kò yẹ kí Báláámù kú bẹ́ẹ̀. Bí ẹnu búburú bá sì ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, àsọtẹ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà kò ní láárí. Thomas Aquinas, ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ya ọ̀ràn méjèèjì sọ́tọ̀ nínú Summa Theologiae: ẹ̀bùn àsọtẹ́lẹ̀ wà fún àǹfààní ẹlòmíràn, ó sì lè wà lára ẹni tí kò ní ìfẹ́ Ọlọ́run. Ó pe Báláámù ní wòlíì àwọn ẹ̀mí èṣù, ṣùgbọ́n ó gbà pé Olúwa bá a sọ̀rọ̀ ní tòótọ́.

Ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù nínú Májẹ̀mú Titun ni olórí àlùfáà Káyáfà (Jòhánù 11:49–52). Ète ìṣèlú ni ó ní nígbà tí ó ní kí ẹnì kan kú fún àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n Ìhìnrere náà pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àsọtẹ́lẹ̀. Báláámù mọ ẹni tí ó rán an. Káyáfà kò mọ ohun tí ó ń sọ rárá.

Orúkọ náà "aláìgbàgbọ́" kò fi bẹ́ẹ̀ bá Báláámù mu pátápátá, nítorí ó pe Olúwa ní Ọlọ́run òun (22:18). Ohun tí ó dájú ni pé kò sí nínú májẹ̀mú Ísírẹ́lì.

Àkọlé Deir Alla

Ní ọdún 1967, àwọn awalẹ̀pìtàn láti Nẹ́dálándì rí àkọlé kan ní Deir Alla, ní Jọ́dánì, tí a fi tàdáwà dúdú àti pupa kọ sára ògiri ní nǹkan bí ọdún 800 ṣáájú ìbí Kristi. Ó dárúkọ Báláámù ọmọ Béórì, aríran tí àwọn òrìṣà tọ̀ wá ní òru. Nínú àwọn àfọ́kù tí ó ṣẹ́kù, orúkọ Ọlọ́run Ísírẹ́lì kò sí níbẹ̀.