Nígbà Tí Ṣúgà Bá Wálẹ̀ Tí Òùngbẹ Kò Lọ: Ìtọ́jú Àìsàn Họ́mọ̀nù Méjì Lára Ẹnìkan Ṣoṣo

Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ènìyàn ṣáá ní Ṣáṣá, ní Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, tó sì ń jí tọ̀ léraléra lóru, ìtọ̀ ṣúgà ni orúkọ tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu àwọn ará ilé. Èrò náà ní ìpìlẹ̀, nítorí ìwádìí orílẹ̀-èdè tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akínkúgbé ṣe olóòtú rẹ̀, tó jáde ní 1997, fi hàn pé ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Nàìjíríà ló ní in. Àmọ́ orúkọ yìí lè bo àìsàn kejì mọ́lẹ̀, ní pàtàkì bí méjèèjì bá jọ wà lára ẹnìkan.

Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìtọ̀ fi ń pọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Nínú ìtọ̀ ṣúgà, tí a tún ń pè ní àtọ̀gbẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a pọ̀ ju ohun tí kíndìnrín lè dá padà lọ, a bọ́ sínú ìtọ̀, a sì fa omi dání. Nínú àìsàn kejì, ọpọlọ kò pèsè vasopressin tó, ìyẹn họ́mọ̀nù tó ń mú kí kíndìnrín dá omi padà sára, nítorí náà ìtọ̀ a máa jáde gbuurugbu, a mọ́ bí omi lásán, ó sì lè ju lítà 3 lọ lóòjọ́. Diabetes insipidus ni wọ́n ń pè é títí di 2022, nígbà tí àwọn onímọ̀ họ́mọ̀nù káríayé sọ ọ́ ní àìtó vasopressin, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń ṣì í mú fún àtọ̀gbẹ, èyí sì ń ṣe àwọn aláìsàn ní jàǹbá.

Àrùn Wolfram, tí Wolfram àti Wagener ṣàpèjúwe ní 1938, ni àpẹẹrẹ tó hàn jù nípa bí méjèèjì ṣe ń pàdé: ọmọ a jogún àbùkù jẹ́ẹ̀nì lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, àtọ̀gbẹ a sábà kọ́kọ́ yọ, ojú a máa ṣú, àìtó vasopressin àti etí dídi sì lè tẹ̀lé e.

Títò ìtọ́jú lẹ́sẹẹsẹ ló gba ìfarabalẹ̀ jù. Bí cortisol, họ́mọ̀nù tó ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti da omi nù, kò bá tó pẹ̀lú lára ẹnì kan náà, àìtó vasopressin lè fara pamọ́, kó sì yọjú lẹ́yìn tí wọ́n bá fi oògùn dí àlàfo cortisol náà. Síbẹ̀ cortisol ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí ẹ̀mí rọ̀ mọ́ ọn, bó tilẹ̀ lè gbé ṣúgà sókè tí ìwọ̀n ínsúlínì yóò fi yí padà. Lẹ́yìn náà ni desmopressin, tó ń rọ́pò vasopressin, ń wọlé ní ìwọ̀n kékeré, nítorí bó bá pọ̀ jù, omi á há sára, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, gìrì sì lè tẹ̀lé e. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi omi du aláìsàn nílé kí ìtọ̀ lè dín kù, nítorí kíndìnrín yóò ṣì máa da omi nù, ara yóò sì gbẹ.

Àwọn kan lè wí pé àìsàn tó ṣọ̀wọ́n báyìí kò tó ohun tí a ń náwó àyẹ̀wò lé lórí. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo alátọ̀gbẹ ló nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tí a mọ iye lítà rẹ̀ tó láti wọn ìtọ̀ ọjọ́ kan nílé, kí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìgandò tàbí LASUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà tó gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹbí. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀, tí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ṣì ń kún, àfikún ínsúlínì kò ní pa òùngbẹ rẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ ló lè gbà.